Adìẹ mi ń jáde nínú ọgbà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé

Wáyà wà, ilé adìẹ wà, oúnjẹ wà, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, adìẹ méjì ti wà létí gọ̀tá, ọ̀kan ti wà nínú ẹ̀fọ́ aládùúgbò. Ẹni tó ń sin adìẹ mẹ́fà, mẹ́wàá tàbí ogún lẹ́yìnkùlé mọ ohun tí à ń sọ. Adìẹ ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, torí òun ló ń fò jù, ṣùgbọ́n a ó mẹ́nu ba Noiler (adìẹ tí a ń sin fún ẹyin àti ẹran), adìẹ ayéyin àti bírọ́là (adìẹ ẹran) náà. Ẹsẹ̀ bàtà 1 jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, íńṣì 1 sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5. Èyí tó bá wà lára tépù yín ni kí ẹ lò.

Mo ti fi wáyà yí wọn ká. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń jáde?

Ẹ má tíì ra wáyà kún un. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Ọ̀nà mẹ́rin péré ló wà: òkè, ìsàlẹ̀, ihò wáyà, àti ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹni tó gbé wáyà rẹ̀ ga sí i nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀kùn ni adìẹ ń gbà, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò.

Ẹ jókòó síbi tí wọn kò ti ní fiyè sí yín, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn fún wọn láàárọ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Adìẹ tó fẹ́ fò kì í dédé fò. Yóò kọ́kọ́ máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ibì kan náà ni yóò sì máa padà sí. Yóò dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fi ojú kan wo òkè, yóò tún fi ojú kejì wò ó. Yóò wá ká ẹsẹ̀ kò bí ẹni fẹ́ jókòó, yóò na ọrùn síwájú, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti di fìrì. Ojú ibi tó ń wò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Bí ẹ kò bá ráyè jókòó, ẹ ku eérú tàbí iyanrìn kíkúnná sí ẹsẹ̀ wáyà lọ́wọ́ ìta, kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, yípo ọgbà. Ojú ẹsẹ̀ adìẹ yóò hàn lórí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ lórí òpó tàbí lórí fẹ́ǹsì fi hàn pé òkè ló ń gbà, ó sì ń bà níbẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀. Ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó há sí wáyà nísàlẹ̀ fi hàn pé ńṣe ló ń fún ara rẹ̀ gbà.

Mò ń fún wọn lóúnjẹ. Kí ni wọ́n tún ń wá níta?

Ó lè jẹ́ omi. Adìẹ ayéyin kan ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́, ṣùgbọ́n nígbà ooru ó lè mu omi tó ìdajì lítà. Bí ike omi kan ṣoṣo bá dojú dé lágogo mẹ́wàá àárọ̀, tí kò sí ẹni tó mọ̀, ọ̀sán kò ní tíì pọ́n tí wọn yóò fi máa wá ọ̀nà gọ̀tá. Ẹ gbé ike omi méjì kalẹ̀, ẹ gbé wọn lé búlọ́ọ̀kù kí etí ike ṣe déédéé ẹ̀yìn adìẹ, kí ẹ sì so wọ́n mọ́ òpó kí wọ́n má baà dà á nù.

Ó lè jẹ́ àyè. Nínú ilé tí wọ́n ń wọ̀ sí lálẹ́, adìẹ mẹ́rin lè wà nínú mítà 1 ní ìbú àti mítà 1 ní òró. Nínú ọgbà tí wọ́n ti ń rìn lọ́sàn-án, kò yẹ kí ti ẹyọ kan dín sí ìwọ̀n yẹn. Ó lè jẹ́ òòrùn: ọgbà tí kò ní ibòji ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, abẹ́ igi máńgòrò aládùúgbò ni àwọn adìẹ ibẹ̀ yóò forí lé. Imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ tẹ́ sórí ọ̀pá mẹ́rin tó láti fi ṣe ibòji.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rí ni ìyà tí adìẹ fi ń jẹ adìẹ. Nínú gbogbo agbo, èyí kan wà tí gbogbo àwọn yòókù ń sọ lágbárí. Bí ojú oúnjẹ bá jẹ́ ọ̀kan, wọ́n á lé e kúrò níbẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí yóò gbà ju òkè lọ. Ẹ gbé oúnjẹ sí ìpẹ̀kun méjèèjì ọgbà, kí wọ́n má lè rí ojú ara wọn láti ibì kan sí èkejì. Àkùkọ kan tó fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí àkùkọ méjì bá wà nínú ọgbà kékeré, èyí tí wọ́n nà ni ẹ ó máa lọ mú wá sílé lójoojúmọ́, bí ẹ ti wù kí ẹ gbé wáyà ga tó.

Adìẹ tún fẹ́ ohun tí yóò máa tú. Ẹ da koríko tútù tàbí ewé gbígbẹ sílẹ̀ fún wọn, ẹ so ìdì tẹ̀tẹ̀ kọ́ sí ibi tí wọn yóò ti nà án kí wọ́n tó kàn án, ẹ bu ikán láti ara igi jíjẹrà wá sáàárín ọgbà. Ẹ fi táyà mọ́tò àlòkù kan sí àárín, kí ẹ da iyanrìn àti eérú sínú rẹ̀ kí wọ́n máa yíra níbẹ̀. Bí wọn kò bá ní ibi tí wọn yóò ti yíra, ẹsẹ̀ wáyà ni wọn yóò gbẹ́.

Báwo ni wáyà ṣe gbọ́dọ̀ ga tó?

Irú adìẹ tí ẹ ní ló máa sọ. Bírọ́là kì í fò, ẹsẹ̀ bàtà 3 ti tó o. Adìẹ ayéyin pupa, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 ni yóò dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dúró. Noiler a máa fò nígbà tó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n bó bá ti wúwo yóò ṣíwọ́: ẹsẹ̀ bàtà 5. Adìẹ ìbílẹ̀ ni kí ẹ ṣe ẹsẹ̀ bàtà 6 fún, ìyẹn mítà 1.8, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn yóò kọjá rẹ̀, torí ẹyẹ tó lè wọ̀ sórí igi ni. Irú àwọn wọ̀nyẹn ni ìyẹ́ gígé tàbí àwọ̀n orí ọgbà wà fún. Òpìpì tí ìyẹ́ rẹ̀ kò kún àti aṣa tí ìyẹ́ rẹ̀ ká, wọn kì í lè fò lọ títí.

Ibi tí adìẹ dúró sí ni kí ẹ ti wọn gíga wáyà, kì í ṣe láti ilẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù méjì bá wà lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ẹsẹ̀ bàtà 6, wáyà náà kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 mọ́ lójú adìẹ. Ilé jẹnẹrétọ̀, àga àlòkù, ìdì igi ìdáná, ẹ̀ka máńgòrò tó gùn wọnú ọgbà, gbogbo wọn ni àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà 2 jìnnà sí wáyà. Èyí tó burú jù nínú wọn ni òrùlé ilé adìẹ fúnra rẹ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ wáyà ni a sábà máa ń kọ́ ọ sí. Ẹ kọ́ ọ sáàárín, tàbí kí ẹ fi àwọ̀n dí àlàfo tó wà láàárín òrùlé àti òkè wáyà.

Kápẹ́ńtà ní kí a fi pákó tẹ́ orí wáyà kó lè dúró dáadáa. Ṣé ó dára?

Rárá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ jẹ́ kí òkè wáyà yín dà bí okùn yẹn. Adìẹ ìbílẹ̀ kì í sábà fò kọjá wáyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí yóò bà lé ló ń wò. Bó bá ti rí pákó tàbí páìpù tó dùbúlẹ̀ sókè, yóò fò bà lé e, yóò sinmi díẹ̀, yóò sì bọ́ sílẹ̀ níta. Bí òkè bá jẹ́ wáyà lásán tó ń mì, kò ní rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní dán an wò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wáyà fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 ga ju òpó lọ, kí ẹ má sì fi ohunkóhun tì í lókè. Bí orí òpó bá yọ síta, ẹ gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ dojú ike omi tó ti ṣófo dé e.

Irú wáyà wo ni kí n rà?

Fún adìẹ tó ti dàgbà, wáyà adìẹ tó ní ihò onígun mẹ́fà, tí ihò rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1, tí wọ́n sì ti fi nǹkan tí kì í jẹ́ kó dípẹtà bò, ló tọ́. Ẹ mọ̀ pé adìẹ ló lè dá dúró o, kò lè dá ajá tó mọ ohun tó ń wá dúró. Níbi tí ajá àti ológbò bá pọ̀ sí, wáyà tí wọ́n jó pọ̀, oníhò íńṣì ½, ni kí ẹ fi ṣe ẹsẹ̀ bàtà 2 ìsàlẹ̀. Òun náà ló ń dí òròmọdìẹ, eku ńlá àti ọ̀pọ̀ ejò lọ́nà.

Àwọ̀n oníke kò wọ́nwó, ó sì rọrùn láti gbé. Ṣùgbọ́n eku a máa gé e, oòrùn a máa sọ ọ́ di gbígbẹ tí yóò máa já bí ewé, ewúrẹ́ àdúgbò tó bá sì fara nù ún lẹ́ẹ̀mejì yóò fà á ya. Àwọ̀n ẹja àlòkù, orí ọgbà nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Bí ẹ bá ta á sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ tàbí ọrùn adìẹ yóò há sínú rẹ̀, yóò máa jà títí yóò fi kú.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fún mi: adìẹ ìbílẹ̀ mẹ́wàá, kí ni mo máa rà?

Ọgbà mítà 3 ní ìbú àti mítà 4 ní òró tó fún wọn. Yíyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 14.

Òpó mẹ́sàn-án: mẹ́rin fún igun, ọ̀kan sáàárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2.1. Ẹ ri sẹ̀ǹtímítà 60 mọ́lẹ̀, yóò ku mítà 1.5 lókè. Igi tíkì tàbí páìpù irin ló ń pẹ́. Ọparun dára lójú, àmọ́ ikán kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀. Agúnmániyè tí ẹ bá gé ní tútù yóò ta gbòǹgbò, ikán kò sì ní lè mú un bí igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa gé ẹ̀ka rẹ̀ lóṣooṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ adìẹ yóò fi gun òkè.

Wáyà: mítà 15 èyí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, àti mítà 15 èyí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Èyí tó fẹ̀ ni yóò wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 nínú rẹ̀ síta kí ó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀. Èyí tó kéré yóò wà lókè, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 5 gun tìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò ga ní mítà 1.75.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ irin fi ń so ọ̀pá pọ̀: kílò 1, yóò sì ṣẹ́kù fún àtúnṣe. Ẹ fi rán wáyà méjèèjì pọ̀, kókó kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15. Ibi ìsopọ̀ tí ẹ bá so ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì ni adìẹ yóò fi orí ṣí. Ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọgọ́rùn-ún kan.

Láti igun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi igi tì òpó igun ní ìdagẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ inú, torí òun ni wáyà yóò máa fà jù. Bí òpó igun bá fi díẹ̀ tẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà yóò sọ̀.

Abẹ́ ni tèmi ń gbà. Ṣé kí n gbẹ́ ilẹ̀ rì í?

Ẹ lè gbẹ́ ẹ, kí ẹ ri wáyà sí ẹsẹ̀ bàtà 1. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà nínú ilẹ̀ tútù a máa tètè dípẹtà, ẹ kò sì ní rí i títí yóò fi já. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ká ṣẹ́ ẹ síta kó dùbúlẹ̀, bí a ṣe sọ lókè. Ẹ fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù fífọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, koríko yóò hù gba inú rẹ̀ láàárín òjò kan, yóò sì dì mọ́lẹ̀ pinpin. Ajá tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ wáyà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì bá wáyà tó dùbúlẹ̀ pàdé.

Àgbàrá ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún adìẹ ju bí adìẹ fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é lọ. Òjò ńlá kan lè wọ́ ilẹ̀ ìka mẹ́rin kúrò lábẹ́ wáyà lóru ọjọ́ kan. Bí ọgbà yín bá wà ní ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ la ojú omi kékeré sí òkè ọgbà kí àgbàrá yà gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí wáyà yípo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gé ìyẹ́ apá adìẹ? Ṣé kì í dùn ún?

Bí a bá gé e síbi tó yẹ, kì í dùn ún, bí ìgbà tí a gé èékánná ni. Apá kan ṣoṣo ni a ń gé. Bí ẹ bá gé méjèèjì, adìẹ yóò ṣì lè fò díẹ̀ torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Àìdọ́gba ni ó ń jẹ́ kí ó yí nígbà tó bá fẹ́ gbéra.

Alẹ́ ló dára jù, nígbà tí adìẹ bá ti wọ̀. Ẹni méjì ni kí ẹ jẹ́. Ẹnì kan yóò fi aṣọ ìnura wé adìẹ mọ́ra, kí apá òsì nìkan wà níta. Ẹnì kejì yóò rọra na apá náà bí abẹ̀bẹ̀. Láti ṣóńṣó apá wá, ẹ ó ka ìyẹ́ gígùn mẹ́wàá. Àwọn yẹn ni ìyẹ́ ìfò. Àwọn ìyẹ́ kéékèèké bo ìdí wọn lókè bí páànù ṣe ń gorí ara wọn.

Ẹ yí abẹ́ apá síta, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ wo igi ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí igi rẹ̀ funfun, tó mọ́ gaara, ẹ lè gé e. Èyí tí igi rẹ̀ dúdú tàbí tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó dì, ìyẹ́ tó ṣì ń hù ni, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ padà wá gé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Gígé irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ, pàápàá lára adìẹ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ẹ fi àlùmọ́gàjí tó mú dáadáa gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 sí ìsàlẹ̀ ibi tí ìyẹ́ kéékèèké pin sí. Ẹ má kó mẹ́wàá pọ̀ gé lẹ́ẹ̀kan, àlùmọ́gàjí yóò yọ̀ wọnú ẹran. Ẹ má sì gé sún mọ́ ẹran.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì bu ìyẹ̀fun àgbàdo lé e. Bí kò bá dá, ẹ di ìdí ìyẹ́ náà mú ṣinṣin, kí ẹ fà á tu lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà tó gbà hù, kí ẹ tún fi aṣọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya adìẹ náà sọ́tọ̀ títí yóò fi gbẹ, torí bí àwọn yòókù bá ti rí pupa, wọn yóò máa ṣá a níbẹ̀.

Apá kan náà ni kí ẹ gé fún gbogbo agbo, kí ẹ tètè mọ èyí tó ti hù padà. Ẹ má tu ìyẹ́ dípò kí ẹ gé e: ó ń dun adìẹ gan-an, yóò sì tún hù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi òwú so apá pọ̀.

Ọjọ́ wo ló máa hù padà? Mo gé tèmi, ó sì tún ń fò.

Ìyẹ́ tí a gé kì í gùn sí i. Ìgbà tí adìẹ bá re ìyẹ́ ni igi rẹ̀ yóò já bọ́, tí tuntun yóò hù. Adìẹ tó ti dàgbà a máa re ìyẹ́ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tó ṣì ń dàgbà a máa pààrọ̀ ìyẹ́ léraléra, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kan àbọ̀ sí oṣù méjì.

Bó bá ṣì ń jáde, ẹ wò ó bóyá fífò ló ń fò. Adìẹ tí a gé ìyẹ́ rẹ̀ ṣì lè bẹ́ sórí búlọ́ọ̀kù, láti ibẹ̀ sórí ilé adìẹ, láti ibẹ̀ síta. Ó tún lè fi èékánná gun wáyà oníhò. Ẹ ka ìyẹ́ tí ẹ gé náà dáadáa: àwọn tó gé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ṣóńṣó nìkan pọ̀.

Adìẹ tó ń jẹ káàkiri níbi tí ajá wà kò yẹ ní ẹni tí à ń gé ìyẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ yẹn ló fi ń sá.

Ilẹ̀kùn ńkọ́?

Kí ó máa ṣí sínú. Bí ẹ bá ń tì í wọlé, ó ń lé adìẹ sẹ́yìn. Bí adìẹ bá sì fara tì í, ńṣe ni yóò dé sí i. Kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 80, kí korobá àti ẹni tó gbé e lè wọlé papọ̀. Ẹ fi pákó tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 dá ẹnu ọ̀nà lábẹ́, kí ènìyàn máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ ju ìka méjì lọ.

Ẹ gé rọ́bà inú táyà ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kàn án mọ́ òpó àti ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ìta, kí ó máa fà á dé fúnra rẹ̀. Ìkọ́ méjì ni kó ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, torí ewúrẹ́ àti ajá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi imú tì. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọdé ló ń lọ kó ẹyin, ẹ ṣe ilẹ̀kùn méjì, tí àlàfo mítà 1 wà láàárín. Ilẹ̀kùn kejì kò gbọ́dọ̀ ṣí kí àkọ́kọ́ tó dé.

Ṣé dandan ni kí n bo orí ọgbà?

Bí òròmọdìẹ bá wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Àṣá àti àwòdì kò ní fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ta okùn tó lágbára láti òpó dé òpó, ní mítà 1 síra, kí ẹ tẹ́ àwọ̀n oníhò íńṣì 2 lé e. Ẹ fi ọ̀pá kan gbé àárín sókè kí ewé àti omi lè yọ̀ sílẹ̀. Bí ewé bá kó jọ sí i tí òjò sì rọ̀ lé e, yóò wó lu adìẹ. Fún ọgbà tí ẹ máa bò, òpó mítà 2.5 ni kí ẹ rà dípò 2.1, kí ẹ lè dúró gangan nínú rẹ̀ láti gbá a.

Mo ra adìẹ tuntun lọ́jà. Nígbà wo ni mo lè tú u sílẹ̀?

Ẹ sé e mọ́ inú ilé adìẹ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi, níbi tó ti lè rí ọgbà àti àwọn adìẹ yòókù gba ojú wáyà. Lọ́jọ́ tí ẹ máa tú u, ẹ jẹ́ kó ku wákàtí kan kí ilẹ̀ ṣú, ẹ má sì tíì fún un lóúnjẹ alẹ́. Ebi àti òkùnkùn yóò mú un padà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú u ní wákàtí méjì ṣáájú. Ohùn kan náà ni kí ẹ máa fi pè wọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tàbí kí ẹ máa lu agolo kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìró agolo nìkan ti tó.

Síso mọ́ igi tí àwọn àgbà máa ń ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́. Àkísà rírọ̀ ni kí ẹ fi so ó lẹ́sẹ̀, kì í ṣe òwú ọ̀rá, torí òwú ọ̀rá a máa gé wọnú ẹran. Kí okùn gùn tó mítà 1, kí ó wà lábẹ́ ibòji, kí omi wà nítòsí rẹ̀. Ẹ tú u kí ilẹ̀ tó ṣú. Adìẹ tí a so mọ́lẹ̀ lóru kò lè sá fún ìjàlọ.

Abo kan ń jáde ní gbogbo àárọ̀, ó sì ń dá padà wá.

Ẹyin ló ń yé síbì kan. Ẹ wo inú igbó kékeré, ẹ̀yìn táǹkì omi, abẹ́ páànù tí ẹ kó jọ. Ibi tí yóò wù ú kò le láti ṣe: àpótí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún abo mẹ́rin, ní igun tó ṣókùnkùn, kí ó ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹyin kan tí ẹ ti sààmì sí sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, abo a máa yé síbi tí ẹyin bá wà. Ẹ má ṣílẹ̀kùn ọgbà títí di aago mọ́kànlá, torí àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yé.

Bí abo kan bá pòórá pátápátá tí ẹ kò rí ìyẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti sàba. Ọjọ́ 21 ni ẹyin ń pa.

Òròmọdìẹ ń gba ihò wáyà kọjá.

Ihò íńṣì 1 kò lè dá èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì dúró. Bí ọmọ bá bọ́ síta tó ń ké, ìyá yóò máa fi ara gbá wáyà títí yóò fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ fi wáyà oníhò íńṣì ½ yí ẹsẹ̀ bàtà 2 ìsàlẹ̀ po, tàbí kí ẹ to pákó síbẹ̀ fún oṣù kan.

Ó ti wà níta báyìí. Báwo ni mo ṣe máa mú un?

Ẹ má lé e. Adìẹ tí a lé lọ́sàn-án yóò gba ojú títì tàbí kó kọjá fẹ́ǹsì kejì, nínú ooru ó sì lè ṣubú lulẹ̀ kú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọgbà sílẹ̀, kí ẹ sé àwọn yòókù mọ́ inú ilé wọn, kí ẹ ta àgbàdo láti ìta wọlé, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò wọlé, ẹ wò ó níbi tó wọ̀ sí. Adìẹ kì í ríran dáadáa lóru: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì náà, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di apá adìẹ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e. Ẹ má fi apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan fà á wálẹ̀.

Aládùúgbò ń bínú nítorí ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Adìẹ kan lè hú ebè ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn láàárín wákàtí kan. Ẹ lọ bá a kó tó wá bá yín, kí ẹ tún ebè náà ṣe tàbí kí ẹ san owó irúgbìn, kí ọ̀rọ̀ má di adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Ẹ béèrè ibi tó ti sábà ń rí wọn. Ó lè mọ ojú ibi tí wọ́n ń gbà ju ẹ̀yin lọ, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí.

Ìdí mìíràn tún wà. Adìẹ tó ń jáde ń bá adìẹ ẹlòmíràn jẹ, òun ló sì ń kó àrùn lùkúlùkú wálé, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn inú omi tí dókítà ẹranko fún wọn kí ọyẹ́ tó dé. Èyí tó bá sùn síta ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó padà sáàárín agbo.

Mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kí ni kí n máa yẹ̀ wò?

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ rìn yípo, kí ẹ máa fi ọwọ́ ti wáyà láàárín òpó méjì. Ibi tó bá sọ̀ ju ìka mẹ́rin lọ, ẹ fà á le. Ẹ wo ìka mẹ́rin ìsàlẹ̀ wáyà, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mi òpó kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ń mì, ikán ti dé ìdí rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà ilẹ̀kùn, oòrùn a máa mú un lile. Kí ẹ sì máa ka adìẹ yín ní gbogbo alẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ̀, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń kà á lálẹ́ yóò mọ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ tí ẹyọ kan kò bá sí, nígbà tó ṣì wà lórí igi tó wà nítòsí, tí ó ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀.